Bí ẹ ṣe lè rin ahoro ilé olódi Carreg Cennen àti igbó tó wà lẹ́bàá rẹ̀

Ní ẹ̀gbẹ́ abúlé kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Trap, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Wales, ni ahoro ilé olódi Carreg Cennen wà. Orí àpáta òkúta ẹfun (limestone) ni wọ́n kọ́ ọ sí, àpáta náà sì fi nǹkan bí 90 mítà ga ju odò Cennen tó ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn ìdílé Yorùbá tó wà ní Swansea, Cardiff, Bristol tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò mú àwọn ọmọ lọ nígbà ìsinmi, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn ìrìn ẹsẹ̀ àti ìtàn àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń wa ọkọ̀ débẹ̀, tí wọ́n á gun òkè tààrà, tí wọ́n á ya fọ́tò mélòó kan, tí wọ́n á sì padà sílé. Ohun tí irú wọn rí kò ju ògiri tó ti wó lọ. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú igbó, kí ẹ dé etí odò, kí ẹ tó wọ inú ilé olódi náà rárá, nítorí láti ìsàlẹ̀ ni ènìyàn ti ń mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ bó ṣe rí.

Ẹ fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún un. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn dára, ṣùgbọ́n oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún ni mo fẹ́ràn jù, nígbà tí ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ tí kò sì tíì bo ojú ọ̀nà. Nínú oṣù kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lọ nígbà òtútù gbọ́dọ̀ tètè jí. Ẹ wọ bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú dáadáa. Òkúta ẹfun tó bá tutù máa ń yọ̀ gan-an, àti pé èyí tó wà níbi tí ẹsẹ̀ àlejò ti ń tẹ̀ fún ọdún gbọọrọ ti dán, ó sì léwu ju èyí tó rí ṣákálá lọ. Ẹ mú aṣọ òjò dání bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn nígbà tí ẹ kúrò nílé. Ẹ wọ ṣòkòtò tó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, nítorí eégbọn wà nínú koríko, kí ẹ sì yẹ ara àwọn ọmọ wò dáadáa nígbà tí ẹ bá délé. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan láti mọ ọ̀nà, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lágbára ní àfonífojì. Máàpù oníwèé ti Ordnance Survey, ilé iṣẹ́ tó ń ya máàpù ilẹ̀ Britain, tí wọ́n ń pè ní Explorer OL12 ni ó kó agbègbè náà. Sẹ̀ǹtímítà 4 lórí máàpù yìí dúró fún kìlómítà 1, àwọn ìlà aláwọ̀ ewé tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sì ni ọ̀nà tí òfin gba gbogbo ènìyàn láyè láti rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú oko olóko ni ó gbà kọjá. Lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ọfà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n kàn mọ́ òpó ni ó ń fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ hàn; ọfà aláwọ̀ búlúù wà fún ẹlẹ́ṣin pẹ̀lú. Ẹ kọ nọ́ńbà SN 668 191 sínú ìwé kékeré kan. Ibi tí ilé olódi náà wà lórí máàpù ni nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí, òun sì ni ẹ ó sọ bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ ní láti pe 999: ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà àwọn tó ń yọ ènìyàn nínú ewu lórí òkè.

Llandeilo ni ìlú tó sún mọ́ ibẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 6 sí i. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láàárín Swansea àti Shrewsbury máa ń dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀ lójúmọ́, ẹ ó sì ní láti gba takisí dé Trap. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀ ni ìrìn yìí rọrùn fún jù. Inú oko àdáni ni ilé olódi náà wà, ó sì bọ́ sínú ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Bannau Brycheiniog. Cadw, ẹ̀ka ìjọba Wales tó ń bójú tó àwọn ibi ìtàn, ló ń tọ́jú àwọn ògiri rẹ̀. Nísàlẹ̀, nínú oko, ni ẹ ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó máa gòkè. Ẹ wo ojú ìwé Cadw lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí wákàtí ìṣílẹ̀kùn àti owó ìwọlé a máa yí padà.

Ìwà ẹni nínú oko olóko ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá bá géètì ní títì, ẹ tì í padà. Bí ẹ bá bá a ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ so ajá yín mọ́ okùn, pàápàá nígbà tí àgùntàn bá ń bímọ. Ẹ jìnnà sí màlúù tó bá ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ má sì ṣe là wọ́n láàárín kọjá, bí ó ti wù kí wọ́n jọ ẹran jẹ́jẹ́ tó.

Bí ẹ bá ti gòkè sún mọ́ ilé olódi náà, ẹ wá àmì ọ̀nà igbó, kí ẹ yà síbẹ̀. Coed y Castell ni orúkọ igbó náà, igi óákù àti igi ash ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, gbòǹgbò igi sì lọ́ mọ́ra lójú ọ̀nà, nítorí náà kí àgbà kan ṣáájú àwọn ọmọ, kí òmíràn sì wà lẹ́yìn wọn. Nígbà ìrúwé, ewé kan tó fẹ̀ tó sì tutù yọ̀yọ̀ a máa bo ilẹ̀ lábẹ́ igi, pẹ̀lú òdòdó funfun tó dà bí ìràwọ̀. Ẹ fi ìka méjì rún un díẹ̀, ẹ ó gbọ́ òórùn ááyù kedere. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gba àlejò nímọ̀ràn pé kó já a, nítorí ewé olóró kan tó jọ ọ́ a máa hù láàárín rẹ̀, ojú tí kò mọ̀ ọ́n kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tí ẹ bá kọjá odò Cennen, ẹ má yára. Ẹ gun òkè díẹ̀ ní òdìkejì, kí ẹ yíjú padà, kí ẹ sì gbé ojú sókè. Ìhà gúúsù ilé olódi náà ni ẹ ń wò yìí. Kò sí ilé ìṣọ́ ńlá kankan ní ìhà yìí, ògiri rẹ̀ kò sì ní ọ̀ṣọ́, nítorí àpáta náà já wálẹ̀ ṣánṣán dé inú àfonífojì, kò sì sí ọmọ ogun tó lè pọ́n ọn. Ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, níbi tí ènìyàn ti lè rìn dé ibẹ̀, ni wọ́n kó gbogbo agbára wọn lé. Bóyá ẹ ó rí àwòdì pupa tí ń rà bàbà lókè yín. Agbègbè yìí kò ṣaláìní wọn.

Wàyí o, ẹ padà gòkè, kí ẹ wọ inú ahoro náà. Àwọn ọmọ aládé Wales, ìran Rhys ap Gruffydd, ni wọ́n kọ́kọ́ ní ilé olódi níbẹ̀. Ní 1277, ọmọ ogun Ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ England gbà á lọ́wọ́ wọn, nígbà tó sì di 1283, ọba fi í ta John Giffard, ìjòyè kan láti England, lọ́rẹ. Giffard àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ èyí tí à ń wò lónìí. Ẹ rántí ohun tí ẹ rí láti ìsàlẹ̀, kí ẹ wá wo ọ̀nà àbáwọlé: kò lọ tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gun ọ̀nà tóóró kan, ó gbọ́dọ̀ yà ní igun, ó gbọ́dọ̀ kọjá lórí afárá tí wọ́n lè gbé sókè, tí kòtò jíjìn sì wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó tó dé ẹnubodè tí ilé ìṣọ́ méjì há láàárín. Ẹ dúró sí igun yẹn, kí ẹ wo òkè: kò sí ibi tí ẹ lè dúró sí tí ẹni tó wà lórí ògiri kò ní rí yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn wá ibi tí wọn ì bá sá pamọ́ sí. Eré yìí kọ́ wọn ní nǹkan ju pátákó àlàyé lọ.

Nínú àgbàlá, ẹ wá àgbá omi tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta. Òkúta ẹfun kì í gba omi dúró, kò sì sí kànga tó lè sin irú ibùgbé bẹ́ẹ̀ lórí àpáta yìí, nítorí náà omi òjò ni wọ́n ń gbà sínú rẹ̀. Mo ka èyí sí ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ilé náà, nítorí ẹni tí a bá ká mọ́lé nílò omi ju ògiri lọ.

Ní igun gúúsù ìlà-oòrùn àgbàlá ni àtẹ̀gùn ihò àpáta wà, ibẹ̀ sì ni tọ́ọ̀ṣì yín yóò ti wúlò. Ẹ kọ́kọ́ rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkúta kan tó há mọ́ etí ọ̀gbun, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú ihò ògiri wọlé; lẹ́yìn náà, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ sínú ihò tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dá. Ògiri tutù, ilẹ̀ ń yọ̀, òrùlé sì rẹlẹ̀ ní àwọn ibì kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó kúrò lójú ìmọ́lẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan ti ògiri, ẹ máa tẹ orí ba, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọmọdé kankan sáré ṣáájú. Bí ẹ bá rí àdán tó sùn mọ́ òkúta, ẹ mú iná kúrò lára rẹ̀, ẹ má sì ṣe fọwọ́ kàn án: òfin ilẹ̀ náà dáàbò bo àdán. Ẹni tí ibi híhá bá ń dẹ́rù bà lè dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, kò pàdánù púpọ̀.

Kí ẹ tó jáde, ẹ wo bí àwọn ògiri ṣe ṣẹ́. Owain Glyndŵr, olórí àwọn ará Wales tó ṣọ̀tẹ̀ sí ọba England, dó ti ibẹ̀ ní 1403, ó sì bà á jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n tún un ṣe. Ohun tó sọ ọ́ di ahoro ni ogun tó wà láàárín ìdílé York àti ìdílé Lancaster, tí wọ́n ń du oyè ọba England: ní 1462, àwọn ọmọ ẹ̀yìn York kó 500 ọkùnrin wá pẹ̀lú dígà àti ọ̀pá irin, wọ́n sì wó o kí ọ̀tá má bàa tún fi ṣe ibi ààbò mọ́. Ọwọ́ ènìyàn ló fà á lulẹ̀, òjò àti ọjọ́ orí kọ́ ni.

Bí agbára bá ṣì kù, tí ilẹ̀ kò sì tíì ń ṣú, ẹ lè tẹ̀lé ọ̀nà gígùn tó gba etí oko Llwyn-bedw lọ sí Llygad Llwchwr, níbi tí odò Llwchwr ti ń tú jáde láti inú ihò òkúta ẹfun. Lọ àti bọ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 7 lọ, ẹ ó sì rí àwókù ààrò tí wọ́n fi ń sun òkúta ẹfun láyé àtijọ́ àti àwọn kòtò tí ilẹ̀ ti rì. Ẹ má gun ẹ̀gbẹ́ ààrò náà, òkúta rẹ̀ ti tú. Ẹ má sì wọ inú ihò tí odò ń gbà jáde, nítorí àwọn tó kọ́ ìrìn inú ihò olómi tí wọ́n sì ní irinṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló tọ́ sí. Ẹ wo aago kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ apá yìí, kí ẹ sì ya wákàtí mẹ́ta sọ́tọ̀ fún un bí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín.