Wíwá Àbùkù Iná Nínú Gíà Ọtomátíìkì Ọkọ̀ Àtijọ́
Bí gíà bá há sí ipò kan, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì yín ní Apo, ní Àbújá, tú u kí ẹ tó yẹ iná rẹ̀ wò, nítorí pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ láti dáàbò bò ó. Bátìrì tó kún yẹ kí ó fi nǹkan bíi fólítì 12.6 hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa. Wáyà áàtì, ìyẹn èyí tó so bátìrì àti gíà mọ́ ara ọkọ̀, ni mo máa ń fura sí jù. Ẹ tú orí rẹ̀, kí ẹ ha ìpẹtà rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì gíà, kí ẹ fi mítà tí a fi ń wọn iná wọn sólénọ́ìdì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn fáàfù kékeré oníná tó ń darí epo inú gíà: èyí tí iná mítà kò bá lè gbà kọjá rárá, wáyà rẹ̀ ti já.