Wi-Fi pálọ̀ yín lè dé ilé ẹ̀yìn àti ilé adìyẹ

Ẹ̀yin ará wa ní Èkìtì, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ilé adìyẹ yín wà lẹ́yìnkùlé, àtẹ̀yin tí Màmá ń gbé ilé ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ẹ ti ra ráútà, síìmù wà nínú ẹ̀, dátà wà, nínú pálọ̀ ó ń sáré dáadáa, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá ti dé ilé ẹ̀yìn báyìí fóònù á kàn máa yí bírípó. Ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé ó ti jìnnà jù ni. Kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mítà 40 ní gbangba ò tó nǹkan kan fún Wi-Fi, ògiri bùlọ́ọ̀kù ló ń pa á, àti páànù, torí irin ni páànù, Wi-Fi kì í gba inú irin kọjá. Ewé tútù náà ń dá kún un, omi inú ewé ló ń fà á mu, ìdí nìyẹn tí ibi tó ń dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fi lè má dé mọ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó bá ti rúwé lásìkò òjò.

Nítorí náà kẹ́ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí ilé kejì, kó ga díẹ̀. Tó bá ní 2.4 àti 5 (GHz ni, ìgbì méjì tí Wi-Fi ń gbà), 2.4 ni kẹ́ẹ lò lọ́hùn-ún, 5 yára lóòótọ́ àmọ́ ògiri tètè ń dá a dúró. Mo ti rí ilé tí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní repeater, èmi náà ti rà á rí, mo wá kì í sínú yàrá Màmá níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ò ti dé rárá, mo wá ń retí iṣẹ́ ìyanu. Ohun tí kò rí gbà, kò lè pín in. Ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ṣì ti lágbára ló yẹ kó wà, ní àárín méjèèjì, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn máa ń gé ìyára sí bí ìdajì. WhatsApp á lọ, ṣùgbọ́n fídíò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lè máa dúró.

Wáyà nẹ́tíwọ̀kì láti ráútà dé ilé kejì ni mo fọwọ́ sí jù. Irú tí wọ́n ń pè ní Cat5e tàbí Cat6, ó lè gùn dé mítà 100. Ẹ béèrè èyí tó wà fún ìta, tí oòrùn ò ní là, kẹ́ẹ sì fi ọ̀bẹ họ irin inú ẹ̀ kẹ́ẹ tó sanwó: tó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ ki wáyà náà sínú páìpù kẹ́ẹ tó rì í mọ́lẹ̀, kó jìn ju ibi tí ọkọ́ ń dé lọ. Ní ilé kejì, ráútà àtijọ́ yín lè gbà á. Tó bá ní AP mode nínú settings ẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kó kàn máa pín nẹ́tíwọ̀kì ti àkọ́kọ́, ẹ mú un, ó tán. Tí kò bá ní, ẹ pa DHCP ẹ̀ (ohun tó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn fóònù), ẹ fún un ní àdírẹ́sì tó yàtọ̀ (tí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 192.168.0.1, kí tibí jẹ́ 192.168.0.2), kẹ́ẹ wá ki wáyà sí ojú LAN (ibi tí wọ́n ń so kọ̀ǹpútà mọ́), kì í ṣe WAN (ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé). Ẹ fún méjèèjì ní orúkọ kan náà àti pásíwọ̀dù kan náà, tó bá béèrè irú ààbò, WPA2 ni kẹ́ẹ mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rù àrá. Lọ́dún kan àrá sán nítòsí wa, kò kan ilé kankan, ṣùgbọ́n ojú wáyà ráútà méjèèjì kú lẹ́ẹ̀kan náà, torí wáyà gígùn láàárín ilé méjì máa ń gbé agbára àrá wọlé. Tí òjò bá ti ṣú, ẹ yọ ọ́ ní ìhà méjèèjì. Ẹni tó bá lówó lè lo fáíbà, dígí ni wọ́n fi ṣe é, kì í gbé iná.

Tó bá ju mítà 100 lọ, tàbí títì ló wà láàárín, ẹ ra CPE méjì (ẹ̀rọ ìta tó ń ju nẹ́tíwọ̀kì síra láìsí wáyà láàárín) bíi ti TP-Link tàbí Ubiquiti, ẹ gbé wọn sórí òpó kí wọ́n kọjú síra. Wọ́n gbọ́dọ̀ ríra wọn o. Tí òkè bá wà láàárín, bíi tàwọn ará Ìkéré àti Ẹ̀fọ̀n, àfi kẹ́ẹ wá ibi kẹta tó rí ìhà méjèèjì.

Tí NEPA bá mú iná, ilé méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ní iná tiwọn. UPS kékeré (bátìrì tó ń gbé e tí iná bá lọ) wà fún ráútà, ẹ kàn wo ìdí ráútà bóyá 9V ni àbí 12V. Tó bá jẹ́ aládùúgbò lẹ fẹ́ fún, guest network (nẹ́tíwọ̀kì àlejò, tó yàtọ̀ sí tiyín) ni kẹ́ẹ ṣí fún un, kẹ́ẹ sì ti sọ ẹni tó máa ra dátà, torí fídíò ń jẹ ẹ́.

Tẹ́ẹ bá ṣe tán, ẹ wọ yàrá tó jìnnà jù nílé kejì, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe ẹnì kan ní fídíò fún ìṣẹ́jú 5. Tó bá ń já, ẹ sún ráútà kejì mọ́ ìhà yẹn, kẹ́ẹ tún pè.