Bí mo ṣe tọ ipasẹ̀ omi tó ń sọnù nínú ọkọ̀ wa

A ò tíì dé Ìkirè nígbà tí abẹ́rẹ́ ìgbóná ọkọ̀ wa tún gun òkè. Láti Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti ń wò ó. Mo ti pa AC, mo ti ní kí àwọn ọmọ ṣí fèrèsé, mi ò sì tẹ iná rárá, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ náà ń yọ́ gòkè títí ó fi wọ ibi pupa. Mo yà sẹ́bàá títì, mo pa ẹ́ńjìnnì. Kí n tó lanu sọ̀rọ̀, àwọn ìbejì ti bọ́ sílẹ̀. Táyé gba ẹ̀yìn lọ gbé kẹ́ẹ̀gì omi, Kẹ́hìndé mú àkísà dání, ó sì fa àbúrò wọn jìnnà sí títì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n nígbà yẹn. Bí mo ṣe rí i pé wọ́n ti mọ iṣẹ́ ẹ̀bá títì dunjú báyìí, ẹkún gbọ̀n mí. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí, mo máa mọ ìdí ẹ̀.

Ọkọ̀ elérò méje ni, tọ́kúnbọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2005. Amẹ́ríkà ló ti wá, Kùtọnu ló gbà wọlé, 2021 la sì rà á, lẹ́yìn tí a bí àbíkẹ́yìn tí ọkọ̀ kékeré wa ò gbà wá mọ́. Àbújá ni Bàbá Ìbejì ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ọwọ́ mi ni ọkọ̀ wà láàárọ̀ lálẹ́: ilé ìwé, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, àti Iléṣà tí mo ti ń lọ gbé ìyá mi wá sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn lóṣooṣù. Ẹni tó bá ń wa irú ọkọ̀ yìí á ti mọ orin tí mò ń kọ. Nígbà tó bá dára, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀. Gbogbo ilé á wọlé, ẹrù á wọlé, ìyá àgbà á na ẹsẹ̀. Àmọ́ kì í dára pẹ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó máa fa ara ẹ̀ ṣí ti kú, ó di kí ọmọ méjì máa tì í. Iná ẹ́ńjìnnì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ò kú rí láti ọjọ́ tí a ti rà á. AC ẹ̀yìn ń kán omi sílẹ̀ bí aṣọ tí wọn ò fún. Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Ìgbóná yìí ni mi ò lè fara dà, torí ó ń sọ ìrìn àjò wákàtí méjì di ìdajì ọjọ́, ó sì ń já èmi àtàwọn ọmọ sí ibi tí mi ò mọ ẹnì kankan.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé Ìkirè, mẹ́káníìkì mẹ́ta ti fọwọ́ kàn án. Èyí àkọ́kọ́ yọ tẹmositáàtì dànù, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì tọ́. Tẹmositáàtì ni ilẹ̀kùn tó ń dá omi dúró sínú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ, nǹkan bíi 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó tó jẹ́ kó kọjá sí rédíétọ̀ lọ tutù. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná láàárọ̀, epo tó ń jẹ á pọ̀ sí i, ohun tó ń mú un gbóná jù á sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ẹnì kejì ní rédíétọ̀ ti dí. Mo lọ sí Ararọ̀mí ní Géètì, mo ra tọ́kúnbọ̀ mìíràn ní ₦55,000. Ọ̀sẹ̀ méjì péré la fi rí ìsinmi. Ẹnì kẹta pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù tó ń ti omi yípo nínú ẹ́ńjìnnì, ó tún so fáànù mọ́ bátìrì tààrà kó lè máa yí láìdúró.

Ọmọ iṣẹ́ ẹni kẹta yìí ló ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná. Omi náà fò kan abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ó sì dà sí i lápá. Mo ṣì ń rí awọ apá ọmọ náà lójú mi. Bí ìdérí bá wà lórí rédíétọ̀, ó máa ń há omi mọ́, ìdí nìyẹn tí omi náà fi lè kọjá 100 láìhó. Bí ẹ bá ṣí i, ojú ẹsẹ̀ ló máa hó, tí yóò sì tú jáde bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kó tutù, kódà bó gba wákàtí kan.

Lẹ́yìn ti Ìkirè, ẹnì kẹrin ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ kí omi má baà wọ ibi tí kò yẹ, ló ti jó. Ó fẹ́ tú orí ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n mú ₦180,000 wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà sí ọkọ̀ náà, pé ta ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Mi ò bínú sí i. Bí nǹkan bá ń ṣe bákan náà léraléra, ọkàn èèyàn á máa lọ síbẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ìkankan nínú wọn: níbo ni omi yẹn ń lọ? Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gbóná, omi ti dín. Mo máa ń bù ú kún láàárọ̀, á ti dín kílẹ̀ tó ṣú. Gbogbo wọn ń pààrọ̀ nǹkan, kò sẹ́ni tó tọ omi lẹ́yìn.

Mo wá ìwé Táyé kan tí kò lò tán. Fún ọjọ́ mẹ́wàá, láràárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, mo máa ń fi ike bu omi kún rédíétọ̀, mo sì máa ń kọ iye tó gbà sílẹ̀ pẹ̀lú iye kílómítà tí mo rìn lánàá. Ọjọ́ tí mo rin kílómítà 14, ó gba ìdajì lítà. Ọjọ́ tí mo lọ sí Mọníyà tí mo tún bọ̀, ó lé ní lítà kan. Ọjọ́ Sátidé tí ọkọ̀ ò kúrò lójú kan, kò gba ẹ̀kán kan. Ìwé yẹn ló kọ́kọ́ là mí lójú. Omi kì í jáde tí ọkọ̀ bá tutù. Àfi tó bá gbóná, tí omi bá ń fi agbára ti ara páìpù.

Mo yẹ ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì náà wò fúnra mi. Mo fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì jáde. Tí omi bá ti ń wọ inú ọ́ìlì, á rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Èéfín tó ń jáde lẹ́yìn ò funfun. Mo ṣí ìdérí láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà tó tutù, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo tẹjú mọ́ omi bóyá á máa ta ìfófó wá sókè láìdúró. Kò ta ìfófó kankan.

Bàbá kan tó ń jó rédíétọ̀ lágbègbè Ìwó Road ni mo gbé ìwé náà lọ bá. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n kà á, ìka wọn ń tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ní, "Ìyá Ìbejì, omi ló ń dànù yìí, agbè ò tíì fọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì yín. Omi lásán lẹ ń bù sí i, omi lásán ò ní àmì. Ẹ ra kúláǹtì aláwọ̀ ewé, omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, kẹ́ ẹ dà á sí i, kẹ́ ẹ wá tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀."

Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo wa ọkọ̀ yípo Bódìjà fún ìṣẹ́jú 40, mi ò tan AC rárá. Mo padà délé, mo wa ọkọ̀ gun orí páálí bisikíìtì tí mo ti là tí mo sì tò láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lọ. Mo sùn sílẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀. Iwájú gbẹ. Àárín gbẹ. Nítòsí táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ẹ̀kán kan bọ́. Mo dúró. Òmíràn tẹ̀ lé e, ó tàn káàkiri ojú páálí, àwọ̀ ewé ni, bí omi ewédú. Mo fi ìka kàn án, ó ń yọ̀. Ọdún méjì gbáko ni omi yẹn ti ń kán níbẹ̀ tí gbogbo wa ń sọ pé omi AC ẹ̀yìn ni! Mo jókòó sórí ilẹ̀, mi ò lè dìde fún ìgbà díẹ̀. (Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá sún mọ́ kúláǹtì o. Ó ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kó páálí yẹn dànù tí mo sì fi omi ṣan ilẹ̀.)

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe mẹ́káníìkì ọ̀dọ́ kan ládùúgbò wa tó ní sùúrù. Ó fi jáákì gbé ọkọ̀, ó gbé irin sábẹ́ rẹ̀ kó má baà já lé wa lórí, mo sì bá a wọ abẹ́ rẹ̀. Páìpù irin méjì ló ti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì wá dé ẹ̀yìn, wọ́n nípọn tó àtàǹpàkò. Ìpẹtà ti jẹ wọ́n, ara wọn ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Ọmọ náà kan fi ẹnu sikirudiráfà kàn án jẹ́jẹ́ ni, ó sì wọlé. "Mà, kí ni wọ́n ń fi páìpù yìí ṣe?" Èmi náà ò mọ̀. Mo pe àbúrò mi tó ń gbé ní Chicago lórí fóònù, mo fi fídíò hàn án, òun ló ṣàlàyé. Páìpù híítà ẹ̀yìn ni. Omi gbígbóná látinú ẹ́ńjìnnì ló ń gbà á lọ sí ẹ̀yìn kí àwọn tó jókòó níbẹ̀ má baà gan nígbà òtútù. Nígbà òtútù yẹn náà ni wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà á sì máa ta sí abẹ́ ọkọ̀. Ìpẹtà tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ló bá wa dé Ìbàdàn.

Páìpù tuntun rẹ̀ ò sí lọ́jà tí mo wá a dé, tọ́kúnbọ̀ rẹ̀ á sì ti jẹ iyọ̀ kan náà. Kí la sì fẹ́ fi híítà ẹ̀yìn ṣe ní Ìbàdàn? Mo ní ká gé e kúrò. Ọmọ náà kọ́kọ́ fẹ́ fi nọ́ọ̀tì dí ẹnu họ́ọ̀sì kó sì fi wáyà dì í. Mo kọ̀, torí omi gbígbóná yóò máa ti ìdí náà lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ló máa fò yọ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, oríkèé ẹlẹ́nu mẹ́ta kan wà lórí họ́ọ̀sì tó ń lọ, òmíràn wà lórí èyí tó ń bọ̀. Ẹnu kan ń gba omi, ìkejì ń lọ sí híítà iwájú, ìkẹta sí ẹ̀yìn. A yọ méjèèjì, a fi oríkèé idẹ gbọọrọ ẹlẹ́nu méjì rọ́pò wọn, kó má sí ẹnu kankan tí a ń dí rárá. Họ́ọ̀sì rọ́bà dúdú tó ní òwú láàárín la lò, èyí tí wọ́n ṣe fún omi gbígbóná, pẹ̀lú kílíìpù onísúkúrù lẹ́nu kọ̀ọ̀kan. A dá tẹmositáàtì tuntun padà sí àyè rẹ̀. Réwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, sì tún fáànù so kó lè máa yí nígbà tó bá yẹ nìkan. Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́, jẹ́ ₦31,000.

Bí a ṣe bu omi padà ṣe pàtàkì, torí atẹ́gùn tó bá há sínú ẹ́ńjìnnì lè mú un gbóná bí ẹni pé a ò ṣe nǹkan kan. A gbé imú ọkọ̀ kọ ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé wa kí ẹnu rédíétọ̀ lè ga jù. Mo yí híítà iwájú sí ibi tó gbóná jù. A da kúláǹtì àti omi mímọ́ sí i lọ́gbọọgba, díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà sì ń fi ọwọ́ fún họ́ọ̀sì ńlá bí ẹni ń fún ọmú ewúrẹ́. Atẹ́gùn ń sọ "búlú, búlú" jáde, omi ń lọ sílẹ̀, a tún ń bù kún un. A tan ẹ́ńjìnnì, a dúró. Nígbà tí atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ sí mi lójú látinú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí fáànù yí fúnra rẹ̀ tó sì tún dúró fúnra rẹ̀, mo mọ̀ pé omi ti dé ibi gbogbo.

Sátidé tó tẹ̀ lé e la lọ sí Iléṣà. Láti Ẹ̀gbẹ́dá ni Táyé ti na ọrùn sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Abẹ́rẹ́ náà dúró nísàlẹ̀ àárín, kò mira. AC ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo yà sẹ́bàá títì ní Ìkirè, ó ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. "Mọ́mì, ṣé kí n lọ gbé kẹ́ẹ̀gì wá?"

Mo ní, "Rárá o, ọmọ mi. Dòdò la fẹ́ rà."