Ìwé tó yanu sílẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìwé ọnà àjọṣe

Ìwé ọnà àjọṣe ni èyí tí ènìyàn mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ pawọ́ pọ̀ ṣe. Kálukú á mú ojú ìwé tirẹ̀, á lẹ nǹkan àtijọ́ mọ́ ọn, á kùn ún lọ́dà, á gbé e fún ẹni tó kàn. Nǹkan àtijọ́ ò ṣọ̀wọ́n ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó: rìsíìtì kòkó, àlímánáàkì ìsìnkú àgbà, èèpo ẹ̀yìn ìwé iléèwé tí wọ́n tẹ tábù ìsọdipúpọ̀ sí, àpò kòkó, fọ́tò dúdú-àti-funfun tí wọ́n yà ní sítúdíò. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é náà sì dá. Síbẹ̀, ìgbà tí iṣẹ́ bá parí, ìwé ò ní ṣeé pa dé mọ́. Á yanu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ tó rí ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ọnà ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ìṣirò ni wọn ò ṣe.

Wọ́n gbàgbé ìdí ìwé

Ìdí ìwé, níbi tí a ti rán ewé rẹ̀ pọ̀, kì í nípọn ju iye bébà tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀, níbi tí a ti ń ṣí i, ló ń ru gbogbo ohun tí ẹ bá lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà gbé e. Ká ní ìdì márùn-ún ni, ìyẹn bébà tí a ká sí méjì tí a sì ti bọ inú ara wọn, bébà mẹ́rin nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ogójì ewé nìyẹn, ọgọ́rin ojú ìwé. Bébà 80 giráàmù tí a máa ń rà nípọn tó mìlímítà 0.1, nítorí náà ìdí ìwé jẹ́ mìlímítà 4. Bí ẹ bá lẹ bébà kan péré mọ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mìlímítà 8 ti kún ẹnu rẹ̀. Ìdí 4, ẹnu 12. A ò tíì ka fọ́tò, bọ́tìnnì, tàbí ègé àpò kòkó tí òun nìkan lè lé ní mìlímítà 1.

Àwọn kan á ní kí a gbé búlọ́ọ̀kù lé e lórí. Búlọ́ọ̀kù ò lè wo èyí sàn. Ńṣe ni òwú á máa ya ihò tó gbà kọjá.

Ègé àfikún ni kí ẹ fi sí ìdí kí ẹ tó rán ìwé. Ẹ gé páálí tínínrín, 300 giráàmù, tó nípọn tó mìlímítà 0.4, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, kí gígùn rẹ̀ bá ti ìwé mu. Ẹ ká a sí méjì, kó di sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ẹ ti méjì bẹ́ẹ̀ sáàárín ewé nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ègé kan tí a ká ń fi 0.8 kún ìdí, méjì ń fi 1.6 kún un, ìdì márùn-ún sì fún yín ní mìlímítà 8 gan-an tí ẹ ń wá. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti rán ìwé náà tẹ́lẹ̀ láìfi ègé sí i, àtúnṣe ṣì wà: nínú ewé mẹ́ta mẹ́ta, ẹ gé méjì kúrò. Ẹ má gé wọn dé ìdí o. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sílẹ̀, torí bí ẹ bá gé ewé kan tán, ewé kejì tí wọ́n jọ jẹ́ bébà kan náà á já.

Ìdí nìyí tí òfin kan fi gbọ́dọ̀ dé etí gbogbo ẹni tó máa bá yín ṣe é kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má lẹ nǹkan kan mọ́ sẹ̀ǹtímítà 2.5 tó sún mọ́ ìdí. Ẹni tó bá sì fẹ́ lo aṣọ òkè tàbí àpò kòkó, kó sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n lè fi ègé kún ìdì tirẹ̀. Àwọn tó mọ ọnà dáadáa ni wọ́n sábà máa ń rú òfin yìí jù.

Fọ́nrán bébà ni àṣìṣe tó tẹ̀ lé e, tí ojú kì í tètè rí. Gbogbo bébà tí ẹ̀rọ ṣe ló ní ibi tí fọ́nrán rẹ̀ kọrí sí, ó sì yẹ kí fọ́nrán yẹn gba òkè wá sí ìsàlẹ̀ ìwé, kó bá ìdí rìn. Bó bá dábùú, ojú ibi tí ẹ ti ká a á máa ya, ewé ò ní fẹ́ sùn, èèpo páálí á sì ká kò ní gbàrà tí góòmù bá kàn án. Púpọ̀ nínú A4 tó wà lọ́jà, gígùn ni fọ́nrán wọn gbà. Bí ẹ bá ká a sí méjì láti fi ṣe ìwé A5, ó ti dábùú nìyẹn. Ẹ tẹ bébà náà díẹ̀ láìká a, lẹ́ẹ̀kan ní gígùn, lẹ́ẹ̀kan ní ìbú. Ojú ìtẹ̀ tó bá rọ̀ jù ló bá fọ́nrán rìn. Ọ̀nà àbáyọ tó rọrùn ni kí ẹ ra A3 tí fọ́nrán rẹ̀ gba gígùn, kí ẹ gé e sí A4 méjì, kí ẹ tó wá ká a. Ó ti bọ́ sípò.

Ní ti òwú, èyí tí ṣúmékà fi ń rán bàtà dára. Ẹ fi ìda oyin tàbí àbẹ́là pa á kó má bàa lọ́. Ẹ má fi òwú télọ̀ tínínrín rán irú ìwé yìí, yóò gé bébà bí ọ̀bẹ ni.

Góòmù oríṣiríṣi nínú ìwé kan

Ẹnì kan á mú sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń lẹ pósítà wá, ẹlòmíràn á mú góòmù funfun ti káfíńtà, ẹ̀kẹta á mú góòmù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà. Ti ẹ̀kẹta yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń pọ́n, ó sì máa ń mu bébà dé ẹ̀yìn. Sẹ̀lótéèpù náà ńkọ́? Tirẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀rá rẹ̀ á bọ́, góòmù rẹ̀ á dúró síbẹ̀, á máa fa eruku.

Góòmù funfun dára fún páálí, aṣọ àti bébà tó nípọn. Bó bá ki jù, ẹ fi ṣíbí omi kan sí ṣíbí góòmù márùn-ún. Bébà tínínrín ló yẹ sítáàṣì: ife sítáàṣì kan, ife omi mẹ́fà. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù díẹ̀ pò ó kó má bàa dì ní kókó, ẹ wá máa dà á sínú ìyókù lórí iná kékeré, ẹ máa rò ó títí yóò fi mọ́ gaara, tí kò funfun mọ́. Bó bá tutù, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ dà á nù. Àwọn kan máa ń fi álọ́ọ̀mù sí i kó má bàa kan, bí àwọn aládìrẹ ṣe ń fi se ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ya aṣọ. Aṣọ lè gbà á, bébà ò lè gbà á: álọ́ọ̀mù ní ásíìdì, ásíìdì ló sì ń sọ bébà di ohun tó ń ṣẹ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ rántí pẹ̀lú pé oúnjẹ ni sítáàṣì jẹ́ fún aáyán. Kò yẹ kí ìwé tí ẹ fi sítáàṣì lẹ̀ máa sùn nítòsí ilé ìdáná.

Góòmù púpọ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ dáadáa, híhunjọ ló ń fà. Bébà tí omi bá kàn máa ń gbòòrò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa góòmù láti àárín jáde, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan kí bébà ti gbòòrò tán, kí ẹ tó gbé e lé ojú ìwé. Èèpo ìwé tí ẹ lẹ bébà tàbí aṣọ mọ́ lójú òde nìkan á ká wá sí òde; ẹ lẹ bébà mọ́ inú rẹ̀ náà kí méjèèjì lè máa fa ara wọn.

Òjò àti ọyẹ́

Láti bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ kún fún omi. Ìwé tó dà bí ẹni gbẹ lójú lè ṣì tutù nínú, bí ẹ bá sì pa á dé bẹ́ẹ̀, èbu á yọ. Ẹ fi bébà gbígbẹ sáàárín ojú ìwé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, kí ẹ tó gbé búlọ́ọ̀kù tí ẹ faṣọ wé lé e. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ kan tó. Nígbà òjò, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Ẹ má sá a sóòrùn: oòrùn á pa àwọ̀ rẹ̀, á sì mú kí bébà àtijọ́ ṣẹ́. Ibòji àti fáànù ni.

Ọ̀dà àkírílíìkì máa ń lẹ̀ mọ́ra nínú ooru, kódà lẹ́yìn tó ti gbẹ tipẹ́. Ojú ìwé méjì tí ẹ kùn tí wọ́n dojú kọ ara wọn á lẹ̀ mọ́ra lọ́nà tó jẹ́ pé ẹ máa fa ọ̀kan ya. Ẹ fi bébà tí wọ́n fi ìda pa sáàárín wọn, kì í ṣe ọ̀rá. Ọ̀rá ń há omi mọ́lé.

Ẹ yẹ kòkòrò wò lára bébà tí ẹ rà nínú ìdìpọ̀ bébà àlòkù. Fírísà lè pa wọ́n bí ẹ bá dì í sínú ọ̀rá, tó wà ní ìwọ̀n -20°C fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ba ìyẹn jẹ́: bó bá yọ́ kí ó tó pé, ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì tú ọ̀rá náà títí yóò fi móoru tán, kí omi má bàa dì sára bébà.

Ohun tí kò yẹ kó wọ inú rẹ̀

Bébà tí wọ́n ti fi wé àkàrà rẹwà lójú àwọn kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Epo rẹ̀ á la ojú ìwé mẹ́ta kọjá, góòmù ò ní mú un, èèrà á sì mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ gbogbo píìnì, torí wọ́n á dípẹtà. Bébà àlímánáàkì tó ń dán kì í mu sítáàṣì; góòmù funfun ló yẹ ẹ́. Àpò sìmẹ́ǹtì ní ju ìpele kan lọ: ẹ bo imú, ẹ gbọn eruku ìpele inú níta, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Ìwé ìròyìn á pọ́n láìpẹ́, á sì yí ojú ìwé tó dojú kọ ọ́ padà, nítorí náà ẹ má gbé e kojú fọ́tò.

Lẹ́tà tí wọ́n fi gègé aláwọ̀ búlúù kọ lè ṣàn dànù bí góòmù bá kàn án. Ẹ fi òwú tútù kan igun rẹ̀ wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Fọ́tò àtijọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Jẹlatíìnì ló wà lójú rẹ̀. Bí omi bá kàn án, á wú, á sì lẹ̀ mọ́ ohun tó bá dojú kọ ọ́. Ẹ má fi góòmù sí i rárá. Ẹ fi bébà ṣe àpò kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ ki fọ́tò bọ̀ ọ́. Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ lo ẹ̀dà. Ẹ̀rọ fọ́tókópì oníyẹ̀fun ni kí ẹ lò, torí yíǹkì olómi á ṣàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwé ẹbí. Rìsíìtì ilẹ̀ tí bàbá bàbá yín gbà lè di ẹ̀rí ní kóòtù lọ́la, ẹ má gbé bíléèdì sún mọ́ ọn. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé kí ẹ tó gé àwòrán olóògbé lára àlímánáàkì; gígé ojú olóògbé sí méjì nítorí ọnà ti dá ìjà sílẹ̀ rí.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí bébà kí ẹ tó kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀. Rìsíìtì tó wà ní pọ́n-ùn àti ṣílè ṣáájú 1 oṣù kìíní 1973. Bébà ìjọba tó kọ «Western State» wà láàárín 1967 sí 1976. Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ní 1976, Èkìtì sì kúrò lára rẹ̀ ní 1996. Nítorí náà ìwé «Ondo State» tí wọ́n kọ láti ọ́fíìsì ìjọba Adó-Èkìtì bọ́ sáàárín ọdún méjèèjì yẹn. Ìwé tó pe gbogbo wọn ní «ayé àwọn òyìnbó» ń tan òǹkàwé jẹ.

Nígbà tí ìwé bá ń rìn

Ìwé tí kò ní ọjọ́ ìpadàbọ̀ kì í padà. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó. Ènìyàn mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ẹ má rán ìwé tẹ́ ẹ ti rán pọ̀ káàkiri, ìdì lásán ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́, kí ẹnì kan ṣoṣo rán gbogbo rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá já ìdì kan nù nínú ọkọ̀, mẹ́rin ṣì kù. Bí ẹ bá fi wéébìlì rán an láti gáréèjì Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀, ẹ fi páálí méjì há a láàárín, ọ̀rá lóde, kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á sára páálí náà, kì í ṣe sára ọ̀rá nìkan.

Kíkùn lé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ìjà kejì: ẹnì kan á gba ìdì, á fi ọ̀dà bo ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ojú ìwé tí a lè fọwọ́ kàn àti èyí tí a ò gbọdọ̀ kàn, kí ẹ sì fi ewé ìkẹyìn sílẹ̀ fún orúkọ, ojú ìwé àti ibi tí kálukú ti rí ohun tó lò.

Ta ni ìwé máa wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ dáhùn kí ẹ tó ra góòmù. Bí gbogbo yín bá fẹ́ ẹ, ẹ má ṣe ìwé kan ṣoṣo mọ́. Kí ẹni mẹ́fà, kálukú wọn, ṣe ojú ìwé tirẹ̀ ní ẹ̀dà méje, kí wọ́n pín in kálukú ní ẹyọ kan kan, kí wọ́n rán ìwé mẹ́fà. Ẹ̀dà keje wà fún èyí tí góòmù bá bàjẹ́.