Ẹ gé páálí kí ẹ tó lẹ pèpéle mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá ń to ojú irin OO, ìyẹn ojú irin kékeré fún ọkọ̀ ojú irin aláfarawé, nínú ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lẹ pèpéle ibùdókọ̀ mọ́ ibi tí irin ti tẹ̀. Pèpéle tèmi ha kọ́ọ̀ṣì mi, ìyẹn ọkọ̀ èrò tí ẹ́ńjìnnì ń fà, lára títí ọ̀dà fi bó, ó sì dùn mí wọra, torí ọwọ́ ni mo fi kùn ún.

Kọ́ọ̀ṣì Mark 1 gidi tí British Railways, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1951 gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 64 àti ààbọ̀. Nínú OO, mìlímítà 4 ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà ó di mìlímítà 258. Ẹ gé páálí tó gùn tó bẹ́ẹ̀, kó fẹ̀ tó 37. Ẹ lu ihò méjì sí ìlà àárín rẹ̀, níbi tí bógì (férémù tó mú àwọn táyà irin kọ́ọ̀ṣì) máa ń wà, kí wọ́n fi mìlímítà 186 jìnnà síra. Ẹ máa ti páálí náà lọ lórí irin bí ẹni pé kọ́ọ̀ṣì ni, kí ihò méjèèjì má kúrò láàárín irin, kí ẹ sì máa fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tó bá yọ dé.

Lórí irin tó tẹ̀ ní rédíọ́ọ̀sì (ìwọ̀n láti àárín òbírí dé irin) mìlímítà 438, ikùn kọ́ọ̀ṣì a yọ sínú tó mìlímítà 10, igun rẹ̀ a sì yọ síta tó 9. Bí àyè bá wà, ẹ mú rédíọ́ọ̀sì náà fẹ̀ dé 900. Ikùn yẹn ò ní yọ ju nǹkan bí 5 lọ.