Ọ̀gá ń bèèrè, àwọn òṣìṣẹ́ ń wolẹ̀: ìbéèrè mẹ́fà àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè: Ní gbogbo mítìn wa, tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, màá ní "ṣé ẹ ní ìbéèrè?", kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Àmọ́ bí mo bá ṣe ń jáde báyìí ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wùyẹ̀wùyẹ̀ lẹ́yìn mi. Ṣé wọn ò fẹ́ràn mi ni àbí kí ló dé?

Ìdáhùn: Bóyá wọ́n fẹ́ràn yín o, bóyá wọn ò fẹ́ràn yín o, ìyẹn kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò. Èèyàn tó dákẹ́ níwájú ọ̀gá, ìṣirò ló ń ṣe lọ́kàn: tí mo bá sọ ọ́, kí ló máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ? Ara ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló sì ti máa ń rí ìdáhùn. Torí náà ẹ rántí ẹni yẹn, kẹ́ ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ fi dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di súpáfáísọ̀, ọmọkùnrin kan tó kéré jù nínú wa nawọ́ sókè, ó ní nọ́ńbà tó wà lójú ìwé kejì àti èyí tó wà lójú ìwé karùn-ún ò bára mu. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní "ìwọ tó ò tíì mọ ibi tá à ń kó fáìlì sí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó dé bírò ẹ̀, ó pa ìwé ẹ̀ dé. Àwàdà ni lójú tèmi o. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, kọ́sítómà dá ìwé náà padà torí nọ́ńbà yẹn gan-an, ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ pé èèyàn mẹ́rin míì nínú yàrá yẹn ló ti rí i tí wọ́n panu mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ fún, nígbà tí wọ́n ti rí ohun tójú ọmọ yẹn rí?

Amy Edmondson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, rí nǹkan tó jọ ọ́ nígbà tó ń ṣèwádìí ní ọsibítù. Àwọn wọ́ọ̀dù tí àárín nọ́ọ̀sì àti ọ̀gá wọn gún dáadáa, àwọn ni àṣìṣe wọn pọ̀ jù nínú ìwé, ó yà á lẹ́nu, ìgbà tó yá ló tó yé e pé àwọn wọ̀nyẹn ló ń sọ àṣìṣe wọn jáde, àwọn yòókù ń bò ó mọ́lẹ̀. Ọdún 1999 ló wá gbé ìwádìí ẹ̀ jáde lórí ohun tó pè ní psychological safety, ìyẹn ni pé kọ́kàn èèyàn balẹ̀ láti sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù pé wọ́n á fòun ṣẹ̀sín tàbí kí wọ́n fìyà jẹ òun.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ní mítìn tó ń bọ̀: ẹ yí ìbéèrè yẹn padà. "Ṣé ẹ ní ìbéèrè", "rárá" ló rọrùn jù láti fi dáhùn ẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé "tí iṣẹ́ yìí bá máa dojú rú, ibo ló ti máa kọ́kọ́ dojú rú?" kẹ́ ẹ wá panu dé, kẹ́ ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú yín, ó máa dà bíi pé ilẹ̀ fẹ́ ṣú kẹ́ ẹ tó kà á tán. Ẹ má kọ́kọ́ sọ èrò tiyín o, tí ọ̀gá bá ti sọ tiẹ̀, àmín ló kù. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá lanu, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ì báà má tiẹ̀ mọ́gbọ́n dání, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè kan sí i. Ojú yín làwọn yòókù ń wò.

Ìbéèrè: Orí WhatsApp group wa ni mò ń fi gbogbo nǹkan ránṣẹ́ sí, mò ń rí i pé wọ́n kà á, àwọn míì á tiẹ̀ fi àtàǹpàkò sí i, àmọ́ tó bá dọjọ́ iṣẹ́ kálukú á máa ṣe tiẹ̀.

Ìdáhùn: Àtàǹpàkò yẹn, "mo ti rí i" ló túmọ̀ sí, ẹ má kà á sí "ó ti yé mi". Ẹ wo irú mẹ́sééjì tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ kí gbogbo wa túbọ̀ múra sí ọ̀rọ̀ rìpọ́ọ̀tù, ó ṣe pàtàkì o, ẹ ṣé." Ta ni "gbogbo wa"? Ìgbà wo? Kí ni ká "túbọ̀" ṣe? Èèyàn márùn-ún á kà á, àwọn márààrún á rò pé ẹlòmíì lẹ̀ ń bá wí. Ẹ wá wo èyí: "Ẹ̀yin ṣíìfù àárọ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi rìpọ́ọ̀tù ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kó dé ọwọ́ mi kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó lù, torí àárọ̀ Jímọ̀ làwọn akáǹtì máa fi ṣe owó oṣù, tí ò bá dé, owó gbogbo wa ló máa pẹ́." Ìdí tẹ́ ẹ fi sí i yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n dìde.

Tó bá jẹ́ ọgbọ̀n mẹ́sééjì lẹ̀ ń kó síbẹ̀ lójúmọ́, èyí tó ṣe pàtàkì á sọnù sáàárín wọn. Ẹ dín in kù. Bíbá èèyàn wí ò sì gbọdọ̀ dé orí group láéláé, ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ká máa rí òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ṣe é. Àmọ́ tí mo bá ní "báwo niṣẹ́?", wọ́n á ní "dáadáa ni, sà", ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìdáhùn: Ta ló ń mú ọ̀rọ̀ wá? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, rìpọ́ọ̀tù lẹ̀ ń gbà yẹn, ẹ lè fi fóònù gbà á. Láàárín ọdún 1928 sí 1930, ilé iṣẹ́ Western Electric bá òṣìṣẹ́ tó lé ní 20,000 sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní fáktìrì wọn tó ń jẹ́ Hawthorne, lẹ́bàá Chicago. Wọ́n kọ́kọ́ to ìbéèrè kalẹ̀ bíi ti ìdánwò, àmọ́ àwọn èèyàn ń yà kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n ń lọ síbi tó ń dùn wọ́n. Ìgbà tí wọ́n wá ju ìwé ìbéèrè sílẹ̀, tí wọ́n ní kí kálukú sọ tinú ẹ̀, ìjókòó tó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba wákàtí kan àbọ̀.

Ẹ̀yin ò ní wákàtí kan àbọ̀, mo mọ̀. Ìṣẹ́jú 30 lọ́sẹ̀ méjì-méjì tó, àmọ́ kẹ́ni náà ti mọ̀ ṣáájú pé tòun ni àkókò yẹn, òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tí ò bá rí nǹkan sọ, ìbéèrè kan wà tó máa ń ṣiṣẹ́ fún mi: "kí ló fi àkókò ẹ ṣòfò jù lọ́sẹ̀ yìí?" Kò sẹ́ni tó máa fi "dáadáa ni, sà" dáhùn ìyẹn. Ẹ pa laptop dé, ẹ ní ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ sí, kẹ́ ẹ fi ohun tó sọ nígbà tó kọjá bẹ̀rẹ̀ èyí tó ń bọ̀. Ẹ má sì máa sún un síwájú o. Ẹ̀ẹ̀mejì péré tẹ́ ẹ bá ti fagi lé e, ó ti mọ ibi tẹ́ ẹ fòun sí.

Google tiẹ̀ fẹ́ fi nọ́ńbà hàn lọ́dún 2008 pé bóyá ni ọ̀gá tiẹ̀ wúlò, Project Oxygen ni wọ́n pè é, nọ́ńbà ní ó wúlò. Nínú ìwà mẹ́jọ tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára àwọn ọ̀gá tó dáa, títọ́ èèyàn sọ́nà ló ṣíwájú, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló gbẹ̀yìn, ní Google o!

Ìbéèrè: Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ló dáhùn survey wa ní èṣí, ìyẹn fọ́ọ̀mù tá a fi ń bi wọ́n ní èrò wọn nípa iṣẹ́. Tọdún yìí, èèyàn mẹ́ta.

Ìdáhùn: Kí lẹ fi ti èṣí ṣe? Mo mọ ọ́fíìsì kan tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ pírítà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn tó máa ń há, ló pọ̀ jù nínú ohun táwọn òṣìṣẹ́ kọ. Ọdún kan gbáko, pírítà ṣì ń há, àní òun náà ni wọ́n fẹ́ fi tẹ fọ́ọ̀mù ti ọdún kejì, ó há. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ gba èsì, ẹ kó wọn jọ: ohun tẹ́ ẹ sọ rèé, méjì yìí la máa ṣe báyìí, ìkẹta di oṣù tó ń bọ̀, ìkẹrin ò ní ṣeé ṣe, ìdí ẹ̀ sì rèé. Èèyàn lè gba "rárá" tó nídìí, ohun tí wọn ò lè gbà ni pé kọ́rọ̀ àwọn wọlé kó má jáde mọ́. Tó bá sì jẹ́ èèyàn márùn-ún péré lẹ ní, ẹ má purọ́ fún wọn pé ẹ ò ní mọ ẹni tó kọ èyí tàbí ìyẹn nígbà tẹ́ ẹ tún ń bi wọ́n ní ọjọ́ orí àti iye ọdún tí wọ́n ti lò.

Ìbéèrè: Òṣìṣẹ́ mi tó já fáfá jù wá kàn ń ṣe é kó lè tán. A ti fowó kún owó ẹ̀, kò yí padà.

Ìdáhùn: Tiyín nìkan kọ́. Gallup, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí èrò àwọn èèyàn, ní lọ́dún 2024, nínú òṣìṣẹ́ 100 lágbàáyé, nǹkan bí 21 ló fi gbogbo ọkàn wà nídìí iṣẹ́. William Kahn, olùwádìí tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1990, ní ohun mẹ́ta lèèyàn ń bi ara ẹ̀ kó tó fi gbogbo ara ṣiṣẹ́: ṣé ó nítumọ̀? ṣé ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀? ṣé mo tiẹ̀ ní okun ẹ̀? Owó ò dáhùn ìkankan tán nínú wọn. Ẹ pè é, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ má dájọ́: "tẹ́lẹ̀ ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tá a bá gbé iṣẹ́ tuntun dé, ó ti tó oṣù méjì tí mi ò gbóhùn ẹ. Kí ni mo ṣe, tàbí kí ni mi ò ṣe?" Ó lè jẹ́ àìsàn ló wà nílé. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ ti gbé àbá ẹ̀ fún ẹlòmíì, ẹlòmíì yẹn ló sì gbayì ẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri pé ilé iṣẹ́ fẹ́ dín èèyàn kù. Àwọn ọ̀gá tó wà lókè mi ní n má sọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn mi ń bi mí.

Ìdáhùn: Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, àwọn fúnra wọn á parí ìtàn náà, tiwọn á sì burú ju òótọ́ lọ. Ẹ má fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pẹ̀lú irọ́ o, "kò sí nǹkan kan" yẹn, tó bá fi ṣẹlẹ̀, ẹnu yín ti tán lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ẹ ní: "Ohun tí mo mọ̀ rèé. Àwọn kan wà tí mi ò láṣẹ láti sọ. Ọjọ́rú ni màá padà wá bá yín." Kẹ́ ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sọ fún àwọn tòkè pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ nìyẹn. Tó bá wá di Ọjọ́rú tẹ́ ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan, ẹ ṣì lọ, ẹ ní "mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan, Jímọ̀ ni màá tún wá."