Omi tó ń jò níbi tí rọ́bà ti wọ ẹ́ńjìnnì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Camry tí mo ń gbé láti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin ló ń jẹ omi. Kí n tó dé Àjàṣẹ́, ọwọ́ ìgbóná á ti máa gòkè. Mẹkáníìkì ní ibi tí rọ́bà òkè, èyí tó ń gbé omi láti ẹ́ńjìnnì lọ sí radiétọ̀, ti wọ ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Ó pààrọ̀ rọ́bà, ó pààrọ̀ kílíìpù, kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sì páàkì sílé, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á gbẹ táútáú. Níbo ni omi ń gbà lọ?

Ìdáhùn: Àǹtí, ẹ kú wàhálà. Ẹni tó tún ọkọ̀ yín ṣe rí ibi tó ń jò, àmọ́ kò wo irin abẹ́ rẹ̀. Orí irin àtijọ́ ló gbé rọ́bà tuntun lé. Àlùmíníọ̀mù ni ẹnu tí rọ́bà yẹn ń wọ̀, tí omi tí kò dáa bá sì ti ń bá a gbé fún ọdún pípẹ́, á hu ìpẹtà funfun, á wá jẹ ihò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ sára. Abẹ́ rọ́bà ni omi ń gbà yọ́ jáde. Bí ẹ fún kílíìpù títí ọwọ́ yín fi bó, kò ní dí ihò ara irin.

Ti ilẹ̀ tó gbẹ, bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kò sí ohun tó ń ti omi. Bó bá gbóná, ìdérí radiétọ̀ á sé agbára mọ́ inú. Ẹ wo orí ìdérí náà, ẹ lè rí 0.9 tàbí 1.1 lára rẹ̀, ìwọ̀n agbára náà nìyẹn. Agbára yẹn ni kì í jẹ́ kí omi hó bó bá kọjá 100°C, òun náà ló sì ń fi ipá wá ibi tí kò lágbára. Omi á ta sórí irin gbígbóná, á di ooru, á lọ. Àpá funfun tàbí àpá àwọ̀ kúláǹtì (omi aláwọ̀ tí wọ́n ń bù sí radiétọ̀) tó gbẹ mọ́ ẹnu rọ́bà nìkan ni ẹ ó bá. Bí ẹ ò bá rí àpá, ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ bu páúdà ọmọdé lé e, kí ẹ wa ọkọ̀ náà díẹ̀. Ojú ọ̀nà omi á hàn lára páúdà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin mọ sípánà lò. Ṣé ó lè ṣe é nílé?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é, tó bá ní sùúrù. Kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù pátápátá. Ìdérí radiétọ̀ gbígbóná kò ṣeé ṣí, omi tó máa tú jáde lè bó ènìyàn lójú àti láyà.

Kó tú omi radiétọ̀ díẹ̀ sínú báàfù tó mọ́, kó tú kílíìpù, kó sì máa yí rọ́bà sọ́tùn-ún sósì títí á fi jáde. Kó má fi súkúdíráfà hú u, ìyẹn máa ń ha irin. Tí rọ́bà bá ti gan mọ́ irin, tí tuntun sì wà nílẹ̀, kó fi abẹ là á gbọọrọ, kó ṣọ́ra kí abẹ má kan irin.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí: kó fi sáńpépà tó kúnná nu ẹnu irin náà yíká-yíká, bí ẹni ń wé okùn mọ́ ọn. Kó má nu ún láti inú bọ̀ síta, nítorí gbogbo ìlà tó bá fà báyẹn ọ̀nà omi ni. Kó fi àkísà dí ihò ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀tù má wọlé, kó sì rántí yọ ọ́. Tí ihò ara irin bá jinlẹ̀ tí èékánná ń há sí i, ẹ lọ ra ẹnu irin náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tókúnbọ̀. Ẹ yẹ ti tókúnbọ̀ náà wò kí ẹ tó sanwó o, ó lè burú ju tiyín lọ.

Omi lásán ni kó fi tu rọ́bà lára kó tó tì í wọlé. Epo àti gírísì máa ń jẹ́ kí rọ́bà wú. Ẹnu irin yẹn ní etí tó yọ sókè. Rọ́bà gbọ́dọ̀ kọjá etí náà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni kílíìpù máa jókòó sí. Tó bá gun orí etí, tàbí tó bá wà ní bèbè rọ́bà, yóò jò.

Lẹ́yìn èyí, kó bu omi kún un, kó ṣíná láì dérí, kó máa fi kún un títí fáànù á fi yí, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Bó bá tutù tán, kó tún kílíìpù náà fún díẹ̀.

Ìbéèrè: Golf 3 lèmi ń wà. Wọ́n ní kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Ìdáhùn: Ike ni ẹnu tí rọ́bà ń wọ̀ lára tìrẹ. Ìgbóná ti jẹ ẹ́, ó ti sán. Ra ike náà pẹ̀lú òrùka rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀, kí o má sì fún bóòtù rẹ̀ le jù, kó má baà sán lọ́jọ́ kan náà. Gọ́ọ̀mù tó bá ya sínú omi máa ń lọ dí radiétọ̀.

Ìbéèrè: Rọ́bà kéékèèké méjì tó lọ síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ ló ń jò. Ṣé kí n so wọ́n pọ̀ kí n gbàgbé?

Ìdáhùn: Kí ibẹ̀ má baà dì pa nílùú yìnyín wà lára ìdí tí wọ́n fi gbé omi gbóná gba ibẹ̀, kò sì sí yìnyín ní Táíwò ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n nínú àwọn Toyota kan, omi yẹn ló ń darí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré tó lórí ìdúró. Tí o bá gé e, ariwo rẹ̀ lè má sọ̀ mọ́. Pààrọ̀ rọ́bà náà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ìbéèrè: Omi wo ni ká máa bù sí i? Omi kànga ni tiwa.

Ìdáhùn: Omi kànga lè mọ́ lójú kó sì kún fún iyọ̀ ilẹ̀. Òun ló ń lẹ̀ mọ́ inú radiétọ̀. Omi inú ọ̀rá sàn díẹ̀, àmọ́ iyọ̀ lè wà nínú tiẹ̀ náà. Kúláǹtì tí wọ́n ti pò tán ló dáa jù. Tí ẹ bá ra èyí tó ki, omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ (distilled water) ni kí ẹ fi là á, ìdajì sí ìdajì. Àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì máa ń tà á. Ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ásíìdì ni wọ́n gbé fún yín. Ẹ má gbé báàfù kúláǹtì sílẹ̀ lágbàlá. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ewúrẹ́, ajá àti ọmọ.

Ìbéèrè: A ti ṣe gbogbo èyí, ibẹ̀ gbẹ, omi ṣì ń dínkù.

Ìdáhùn: Ẹ ṣíná nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ wo ẹnu radiétọ̀. Bí omi bá ń hó kutukutu láì tíì gbóná, tí rọ́bà òkè sì le gbandi láàárín ìṣẹ́jú méjì, gáásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń dí àárín orí àti ara ẹ́ńjìnnì, ló ti jó. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ pẹ̀lú: tí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, ẹ má wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá fà á.